Ẹni Tó Mọ Iṣẹ́ Ni Kí Ó Yan Orí

Ọ̀rọ̀ orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lẹ́nu ọmọ Yorùbá. Bí iṣu bá ta dáadáa, a ó ní orí àgbẹ̀ ló bá a ṣe é; bí ọjà bá kùtà, a ó ní kí ọlọ́jà lọ bọ orí rẹ̀. Kò sì wọ́pọ̀ kí a rí ọmọ tí a tọ́ nílé tí kò tíì gbọ́ ìtàn Àjàlá, amọ̀kòkò ọ̀run, tí olúkúlùkù ń yà sí ilé rẹ̀ láti yan orí kí ó tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ayé. Wọ́n ní orí tó dán, tó tóbi, tó sì wu ojú pọ̀ nínú ilé náà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni iná kò jó jinná. Bí òjò bá ti pa wọ́n lójú ọ̀nà ayé, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ dànù.

Orí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, Àjàlá kọ́ ni ó mọ ọ́n. Irin ni, bàbà ni, awò ni. Òkèèrè ni wọ́n ti ń ṣe é, owó gidi ni a sì fi ń rà á. Orí ẹ̀rọ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ gé irin ni, ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ń pè ní lésà. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàrin orí yìí àti ti Àjàlá. Nílé Àjàlá, ẹni tí ń yan orí kò mọ bí inú rẹ̀ ti rí, kò sì sí ẹni tí yóò bi léèrè. Orí ti ẹ̀rọ yìí, a lè bèèrè ohun gbogbo nípa rẹ̀ kí a tó san kọ́bọ̀ kan, bí a bá sáà ní èdè tí a ó fi bèèrè. Lórí ọ̀rọ̀ èdè yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a jọ jókòó.

Kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni ó ń sọ̀rọ̀ irin. Ajórin ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọ̀kan nínú àwọn tí a ń pè ní wẹ́dà. Gétì ni wọ́n ń ṣe, àti irin ojú fèrèsé, àti táńkì omi, àti àtẹ̀gùn onírin. Òun àti ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mẹ́ta, ni wọ́n da owó pọ̀ tí wọ́n ra ẹ̀rọ lésà àlòkù kan lọ́wọ́ ẹni tó ń palẹ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ náà dára. Ibùsùn tí a ń tẹ́ irin lé gún régé. Orísun ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 3,000, ṣì ń ṣiṣẹ́. Orí rẹ̀ nìkan ni ó ti jóná. Ẹnìkan nínú wọn ti ń sọ pé kí wọ́n tú u tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi rán an létí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àwọn tó ń ta orí fi ìwé mẹ́rin ránṣẹ́ sí wọn: orí mẹ́rin, iye owó mẹ́rin. Èdè Ṣáínà ni wọ́n fi kọ́kọ́ kọ ìwé wọ̀nyí, kí ẹnìkan tó túmọ̀ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì kan tó rọ lápá, tó rọ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kó gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

"Àbúrò," ó ní, "ìwọ lò ń kọ́ èdè ní yunifásítì. Èyí náà kì í ha ṣe èdè bí?"

Mo wò ó títí, n kò rí bí mo ṣe lè sọ pé kì í ṣe èdè. Ohun tó sì mú kí àyà mi já ni pé owó tó kù lọ́wọ́ wọn kò lè ra ju orí kan ṣoṣo lọ. Owó àjọ wà nínú rẹ̀; owó tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi yọ nínú ọjà aṣọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀; owó ilẹ̀ tí Bàbá, ìyẹn ọ̀gá wọn, tà wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ra èyí tí kò bá iṣẹ́ wọn mu, gbèsè ni yóò kù, ẹ̀rọ náà yóò sì di ibi tí adìyẹ ń sùn.

Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń gungi. Mo ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí orí ń ṣe lára ẹ̀rọ yìí, mo sì rí i pé ìtàn rẹ̀ dùn. Ní 1960 ni Theodore Maiman, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ mú ìmọ́lẹ̀ lésà jáde, láti ara òkúta rúbì. Ní 1964, Kumar Patel, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣe èyí tí afẹ́fẹ́ kábọ́nì-dáyọ́sáìdì ń gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jáde, òun ni ó sì wá lágbára tó láti yọ́ irin. Ṣùgbọ́n yíyọ́ yàtọ̀ sí gígé. Irin tí ìmọ́lẹ̀ bá yọ́ tí kò sí ohun tí ó lé e kúrò, ojú kan náà ni yóò tún dì sí. Ní oṣù karùn-ún 1967 ni Peter Houldcroft àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní ilé ìwádìí iṣẹ́ ìjórin kan lẹ́bàá Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn jọ gba ojú ihò kan náà jáde. Wọ́n fi gé irin tó nípọn tó mìlímítà 1. Ihò kan ṣoṣo yẹn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti bá afẹ́fẹ́ pàdé, ni ìbẹ̀rẹ̀ orí tí mo ń wí. Láìsí orí, iná lásán ni lésà. Orí ni ó sọ ọ́ di ọ̀bẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo kó ìwé mi lọ sí ìdí ahéré tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá jókòó lórí àga onírin kan, àwọn tó kù dúró yí wọn ká, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì wà lẹ́yìn. Bàbá kò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì rí, ṣùgbọ́n ìran alágbẹ̀dẹ ni wọ́n. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ fi ẹwìrì fẹ́ná, ó sì fi owú rọ ọkọ́ àti àdá títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Mo pinnu pé ohunkóhun tí n kò bá lè sọ kí ó yé Bàbá ní Yorùbá, èmi pàápàá kò tíì mọ̀ ọ́n.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè orí wá sí ìsàlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ rántí bí àwọn ọmọdé ti ń fi awò kó oòrùn jọ sórí ewé gbígbẹ títí ewé yóò fi gbiná. Ohun tí orí yìí ń ṣe nìyẹn. Inú okùn gíláàsì kan ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wá láti orísun rẹ̀. Ọ̀nà tí ó ń gbà nínú okùn náà kò ju màíkírọ́mítà 50 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú ogún mìlímítà kan. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí wa lọ. Bí ó bá ti jáde lẹ́nu okùn, ńṣe ni ó ń fẹ̀ lọ bí ẹnu fùnnẹ́ẹ̀lì. Awò kìíní a tò ó kí ó máa lọ ní ọgbọọgba. Awò kejì a kó o jọ sí ojú kan. Awò kẹta kò ṣe ju kí ó dúró bí aṣọ́gbà lọ, kí ẹ̀tàpá irin má bàa ta lu awò kejì. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ẹnu bàbà wà, tí ẹ̀yin ajórin ń pè ní nọ́súlù, níbi tí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ti ń jọ jáde. Òrùka kan sì wà lára ẹnu náà tó ń fi iná mọ̀nàmọ́ná wọn àlàfo tó wà láàrin rẹ̀ àti irin, láìfọwọ́ kàn án, kí orí lè máa gòkè, kí ó máa sọ̀kalẹ̀, bí páálí irin bá wọ́. Àlàfo náà kì í sábà ju mìlímítà 1 lọ."

Bàbá mi orí. Wọ́n ní, "Ẹwìrì àti iná ni. Tẹ̀síwájú."

Nígbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbéèrè tí mo ti kọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè kìíní: irú ìmọ́lẹ̀ wo ni ẹ̀rọ yìí ń lò? Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ irin. Ti kábọ́nì-dáyọ́sáìdì tí mo ti dárúkọ, gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ màíkírọ́mítà 10.6. Ti okùn gíláàsì kò ju bíi 1.07 lọ, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti èkíní. Èkíní kò lè la gíláàsì kọjá rárá. Dígí ni wọ́n fi ń darí rẹ̀ láti ìkángun kan dé èkejì, awò tí a fi síńkì sẹ́líníàìdì ṣe ni ó sì ń kó o jọ. Èkejì ní tirẹ̀, inú gíláàsì ni ọ̀nà rẹ̀. Orí tí a ṣe fún ọ̀kan kò wúlò fún èkejì, bí a tilẹ̀ fi í tọrẹ. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú orí mẹ́rin náà, orí ti kábọ́nì-dáyọ́sáìdì ni. Ti okùn gíláàsì sì ni ẹ̀rọ wọn. Bí a ti yọ ìwé kan sọnù nìyẹn.

Ìbéèrè kejì: agbára ìmọ́lẹ̀ náà ha ju ohun tí orí lè gbà lọ bí? Kò sí awò tó mọ́ tán. Gbogbo awò ni ó ń jẹ díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, ohun tí ó jẹ yìí ni ó sì ń di ooru. Bí ooru bá pọ̀, awò a wú díẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń kóra jọ sí a sì yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹni tí ń gé irin yóò rí i pé ojú irin tó ń dán láàárọ̀ ti di ṣákaṣàka lọ́sàn-án. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, awò a sán. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń mú omi tútù yí inú orí ká, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí orí fi gbọ́dọ̀ lè gba agbára tó tó ti orísun, tàbí tó jù ú lọ díẹ̀. Orí kejì nínú ìwé, wáàtì 1,500 ni wọ́n ṣe é fún. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹrù ẹṣin lórí àgbò." Ìwé kejì tẹ̀ lé ìkíní lọ.

Orí méjì ni ó kù, níbẹ̀ ni àríyànjiyàn sì ti bẹ̀rẹ̀. Orí kẹta, wáàtì 4,000 ni ó lè gbà, ó sì ń fúnra rẹ̀ gbé awò inú rẹ̀ sókè sódò. Orí kẹrin jẹ́ ọba láàrin orí: wáàtì 12,000 ni ó lè gbà, ó lè tẹ̀ sọ́tùn-ún, kí ó tẹ̀ sósì, kí ó gé etí irin ní dídá, bí ẹni bẹ́ ìkọ̀wé ìfun. Àwòrán rẹ̀ ń dán lórí ìwé bí ojú ọba lọ́jọ́ àjọ̀dún. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi fi ìka lé e, ó ní, "Èyí ni! Bí a bá fẹ́ di ènìyàn ńlá, ẹ jẹ́ kí á ra orí ńlá. Ó kéré tán, a ó lè yá owó díẹ̀ kún ti ọwọ́ wa."

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ wọ àwọn mìíràn létí. N kò bá a jà. Mo kàn ka ìbéèrè kẹta jáde, mo sì bi wọ́n pé: irin wo ni ẹ ń gé, báwo ni ó sì ti nípọn tó? Ọmọ iṣẹ́ kan lọ mú ìwé ìsanwó wọn wá. A ṣí i láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Iṣẹ́ gétì àti irin ojú fèrèsé ni ó pọ̀ jù, páálí irin tí kò ju mìlímítà 3 lọ. Táńkì tẹ̀ lé e, mìlímítà 4 dé 6. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹnìkan ń wá gé àwo ìdí òpó, mìlímítà 10 tàbí 12. Irin dúdú ni èyí tó pọ̀ jù. Irin tí kì í dípẹtà kò wọ́pọ̀ tó o, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ dára.

Ìṣirò tó tẹ̀ lé e rọrùn. Ẹ mú ìbú ọ̀nà inú okùn, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ nípa gígùn ìkójọ awò kejì, kí ẹ sì fi gígùn ti awò kìíní pín in. Bí okùn bá jẹ́ màíkírọ́mítà 50, tí awò kìíní jẹ́ mìlímítà 100, tí awò kejì sì jẹ́ 125, ojú iná yóò jẹ́ màíkírọ́mítà 62.5. Bí awò kejì bá jẹ́ 200, yóò di 100. Ojú iná tó kéré mú ṣáṣá, ó sì yára lórí páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èyí tó fẹ̀ kò mú tó o, ṣùgbọ́n ó gùn wọ inú irin, ó sì la ọ̀nà fún irin yíyọ́ láti jáde nínú irin tó ki. Kò sí èyí tó dára jù ní ara rẹ̀. Àdá kò dára ju abẹ lọ. Ohun tí a fẹ́ gé ni ó ń sọ èyí tí a ó mú. Orí kẹta, 100 àti 125 ni awò rẹ̀. Ìwé ìsanwó wọn ti yàn án kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Ìbéèrè kẹrin: afẹ́fẹ́ wo? Bí a bá fi ọ́síjìn gé irin dúdú, ọ́síjìn náà ń bá irin jó, ó sì ń fi ooru kún ti ìmọ́lẹ̀. Nítorí náà, bí irin bá ki, a kì í fẹ́ ẹ tagbáratagbára. Ìtì afẹ́fẹ́ tí kò tó báà 1 tó fún un, láti ẹnu nọ́súlù onípele méjì. Ojú irin yóò dúdú, yóò ní èépá tí a ní láti ha kí a tó kùn ún. Irin tí kì í dípẹtà ní tirẹ̀, náítírójìn ni a fi ń gé e, nítorí náítírójìn kì í bá irin jó. Agbára ni ó fi ń fẹ́ irin yíyọ́ dànù, ó ń lò tó báà 10 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti ẹnu nọ́súlù onípele kan tí ihò rẹ̀ fẹ̀. Ojú irin a sì máa dán bí fàdákà. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú pàápàá ṣeé lò, nítorí bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ náítírójìn, ìdá 21 sì jẹ́ ọ́síjìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ tó ń fún un bá tu omi tàbí epo mọ́ ọn, awò ààbò ni yóò jìyà rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ibí yìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀. Ìwé náà sọ pé bí afẹ́fẹ́ bá kéré jù, ohun kan yóò lẹ̀ mọ́ abẹ́ irin: irin yíyọ́ tí ó ti dì, tí ó ṣe gúdugùdu bí èébú iṣu. Mo ní, "Bàbá, ohun kan báyìí, bí... bí ìdọ̀tí irin." Wọ́n wò mí tìyanutìyanu. "Ìdàrọ́ lò ń wí? Ṣé ẹ kì í kọ́ ìdàrọ́ ní ilé ìwé ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìdàrọ́! Ọ̀rọ̀ tí àwọn ayọ́rin ilẹ̀ wa ti ń lò láti ayébáyé fún pàǹtí irin tó bá yọ́ nínú iná. Ó wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní, ó ń dúró de ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà.

Láti ìgbà náà, èmi kọ́ ni mo ń kọ́ Bàbá mọ́. Nígbà tí mo ka ìbéèrè karùn-ún, tó sọ nípa ipò tí ojú iná gbọ́dọ̀ wà, wọ́n ti ṣíwájú mi. Mo ní bí a bá ń fi ọ́síjìn gé irin dúdú tó ki, òkè ojú irin ni a ń gbé ojú iná sí; bí a bá ń fi náítírójìn gé irin tí kì í dípẹtà, inú irin ni a ń rì í sí. Bàbá ní, "Nígbà náà, orí tí ènìyàn ní láti máa fi ọwọ́ yí awò rẹ̀ kò yẹ wá. Iṣẹ́ gétì ni láàárọ̀, iṣẹ́ ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì ni lọ́sàn-án. Ọmọ iṣẹ́ yóò gbàgbé láti yí i ní ọjọ́ kan, a ó sì ba páálí irin olówó iyebíye jẹ́. Kí orí mọ ipò rẹ̀ fúnra rẹ̀." Ohun tí olówó ẹ̀rọ fi ojú ìwé méjì ṣàlàyé, ẹ̀rí ọkàn alágbẹ̀dẹ ti fi gbólóhùn mẹ́rin parí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé mi rárá. Wọ́n tọ́ka sí awò ààbò lára àwòrán, wọ́n ní, "Aṣọ́gbà yìí, bí ó bá fọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ wo ni a ó rí òmíràn?"

Ilẹ̀ pa rọ́rọ́. Awò ààbò ni ó ń tètè bàjẹ́ jù lára orí. Eruku kan ṣoṣo tó bà lé e yóò mu ìmọ́lẹ̀, yóò gbóná, yóò sì sun awò náà. Ẹ sì mọ ilẹ̀ wa nígbà ọyẹ́, bí eruku Sàhárà ti ń bọ́ sórí ohun gbogbo láìdárúkọ ẹni tó rán an. Ẹ̀gbọ́n mi mú fóònù, ó pe àwọn ọlọ́jà ní Èkó lọ́kọ̀ọ̀kan. Awò ààbò ti orí kẹta, òrùka rẹ̀ àti nọ́súlù rẹ̀ wà nílẹ̀, a lè rí wọn gbà lọ́jọ́ kejì. Ti orí ńlá, wọ́n ní kí á san owó, kí á sì máa retí rẹ̀ láti òkèèrè. Yàtọ̀ sí èyí, orí ńlá náà wúwo ju ohun tí apá ẹ̀rọ wọn lè gbé sáré lọ, ọpọlọ ẹ̀rọ náà kò sì mọ bí a ti ń darí orí tó ń tẹ̀. Wọn ìbá san owó ọrùn tí kò ní yí láéláé. Ẹni tó ti ń fi ìka lé àwòrán náà ká ìka rẹ̀ kò, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ sọ pé kí á ra èyí tó bá iṣẹ́ wa mu.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù: ẹnu okùn gíláàsì ha bá ẹnu orí mu bí? Ẹnu okùn wọ̀nyí ní oríṣi, bí ẹnu kọ́kọ́rọ́ ti ní. A ka orúkọ tó wà lára okùn, a ka èyí tó wà nínú ìwé. Wọ́n bára mu, àpótí tó ń darí òrùka náà sì bá ọpọlọ ẹ̀rọ ṣọ̀rẹ́. Wọ́n ra orí kẹta.

Wọ́n ti ń lò ó báyìí. Wọ́n fi ọ̀rá nínípọn dá yàrá kékeré kan níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ awò ààbò, kí eruku má bàa rí àyè. Wọ́n ra gíláàsì ojú tí a ṣe fún irú ìmọ́lẹ̀ yìí, nítorí kò ṣeé fi ojú rí, bẹ́ẹ̀ ni ó lè ba ojú jẹ́ láìjẹ́ pé ènìyàn fura. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gé páálí mìlímítà 3, Bàbá kò wo òkè rẹ̀. Wọ́n yí i padà, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ́ ọ nísàlẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun, wọ́n ní, "Kò sí ìdàrọ́." Ìdánwò tí ó péye jù ni wọ́n ṣe yẹn, kò sì sí ẹni tó kọ́ wọn.

Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ṣẹ̀dá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Mo fi òru méjì ronú kí n tó mú "ojú-ìpàdé ìtànṣán" jáde fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń kóra jọ sí, inú mi sì dùn sí i. Àwọn ọmọ iṣẹ́ lò ó fún ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì wọ́n gé e di "ojú". Báyìí, wọn a ní, "Ojú ti ga jù, rì í sílẹ̀ díẹ̀," ọ̀rọ̀ náà a sì yé ẹni gbogbo. Ọ̀rọ̀ "aṣọ́gbà" tí mo fi ṣe àfiwé lásán ni ó di orúkọ awò ààbò. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pè ní ẹwìrì.

Ìdí tí mo fi kọ èyí sí ìwé ẹgbẹ́ wa ni pé a fẹ́ràn láti máa bi ara wa léèrè bóyá èdè Yorùbá lè gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ ró. A máa ń bèèrè rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, lórí àga tó rọ̀, láàrin àwa tí a ti gba ìmọ̀ náà ní èdè mìíràn tán. Ní ìdí ahéré yẹn, kò sí ẹni tó bèèrè bẹ́ẹ̀. Owó wọn ni ó wà lórí tábìlì. Láìsí ìtumọ̀, ẹni tó ń tajà ni ìbá yan orí fún wọn, tàbí àwòrán tó ń dán. Bí ọ̀rọ̀ náà ti di Yorùbá, ẹni tó mọ iṣẹ́ ni ó gba ipò rẹ̀ padà, ó sì bèèrè ohun tí ọlọ́jà kò fẹ́ kí a bèèrè. Mo ti gbà pé kì í ṣe pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ ni a ń sọ nígbà púpọ̀; pé a kò tíì dé ilé àgbẹ̀dẹ láti lọ gbọ́ ọ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá tún ń to ọ̀rọ̀ ìmọ̀ jọ, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú wa lọ sọ́dọ̀ ajórin, kí ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kí ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ aláró, kí a sì mú ìwé àti ìkọ̀wé dání. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà náà ṣì wà lọ́jà. Orí tuntun ni ó ń dé lójoojúmọ́.